RAM mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà olójú mẹ́rin: ṣé kí n yọ ọ̀kan ni?

Bàbá Oníbáńà, Kubwa:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìpè ìgbéyàwó àti báńà ni mo ń ṣe. Desktop tòkunbọ̀ tí mo fi ń ya iṣẹ́ mi nínú CorelDRAW, Core i5 àtijọ́ tó ń lo RAM irú DDR3 ni (RAM ni ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), ojú mẹ́rin tí wọ́n ń ki RAM bọ̀ ló ní. 4GB méjì ló bá a wá. Bí mo bá ti ṣí báńà ńlá pẹ̀lú Chrome báyìí, ó ti dì nìyẹn. Oníbàárà á jókòó tì mí, á máa wo aago. Mo wá ra 8GB kan ní Banex, ọjà kọ̀ǹpútà l'Ábùjá, mo kì í bọ ojú tó ṣófo, ó sì gbé 16GB jáde. Àmọ́ ẹni tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní RAM kì í jẹ́ mẹ́ta, pé mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, á jó. Ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n wá ẹ̀kẹrin rà? Owó kò sí nílẹ̀ o.

Ìyá Kafé, Mararaba:
Ẹ yọ ọ́ o! Bíi bàtà ni RAM, méjì méjì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́.

Ẹnjiníà Kàdúná:
Ìyá Kafé, ẹ rọra. Kò sí nǹkan tó máa jó. RAM tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá kọ̀, ẹ̀rọ ò ní tàn ni, tàbí kó máa ké píì-píì. Èyí tó ti ka 16GB ti gbà á.

Dual channel, ìyẹn ọ̀nà méjì, ni ẹni tó ń bá yín tún ẹ̀rọ ṣe gbọ́, ló bá sọ ọ́ di iná. Ọ̀nà méjì ni processor yín, ọpọlọ ẹ̀rọ, ní sí RAM, A àti B, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 64 bit; bí wọ́n bá jọ ṣiṣẹ́, 128 nìyẹn. Ojú méjì wà lórí A, méjì lórí B. Ẹ̀rọ ò bìkítà bóyá RAM jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin; GB tó wà lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ń wò. Bàbá Oníbáńà, orí yín mà sunwọ̀n: ẹ kó 4GB méjèèjì sórí ọ̀nà kan, kí 8GB dá wà lórí èkejì. 8 sí 8. Gbogbo 16GB á máa lo ọ̀nà méjèèjì.

Bẹ́ ẹ ṣe kì í bọ ibi tó ṣófo yẹn, ó ṣeé ṣe kí 4 àti 8 wà lórí A, kí 4 dá wà lórí B. Ohun tí Intel, àwọn tó ṣe processor yín, ń pè ní Flex Memory á wá jẹ́ kí 4 ti A àti 4 ti B jọ ṣiṣẹ́, 8GB tó kù á máa dá lo ọ̀nà kan ṣoṣo. Kò bàjẹ́, ó kàn lọ́ra níbẹ̀ ni. Ẹ ò bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì sàn ju yíyọ ọ́ lọ, torí àìtó RAM ló ń mú kí ẹ̀rọ máa sá lọ bá hard disk tó lọ́ra, òun ló ń dì yẹn. Ẹ má ra ẹ̀kẹrin.

Alákọ̀wé Gwagwalada:
Ìyá Kafé, bàtà tèmi mẹ́ta ni o. Core i7 ti 2008 tí mo ní, ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. RAM mẹ́ta gan-an ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ 😂

Ìyá Kafé, Mararaba:
Mo ti gbọ́. Báwo la ṣe ń mọ A yàtọ̀ sí B?

Ẹnjiníà Kàdúná:
Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ wo ìwé ẹ̀rọ yẹn. Ẹ má fi ojú lásán sọ ọ́: lórí bọ́ọ̀dù kan, méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ló jẹ́ ọ̀nà kan, òmíràn a máa pín wọn ní A, B, A, B. Bó bá tàn tán, ẹ ṣí CPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn, ẹ tẹ Memory, kí ẹ wò ó bóyá ó kọ Dual.

Ọmọ Ìlọrin ní Kánò:
Ẹ fa wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó ṣí i, kì í ṣe kí ẹ kàn pa á. Nígbà ọyẹ́ bí irú èyí, ara wa níhìn-ín kún fún iná. Bí mo bá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, á ta mí. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM, etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Eruku inú ojú yẹn náà ńkọ́? Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a.

Bàbá Oníbáńà, Kubwa:
Mo ti tò ó. CPU-Z kọ Dual! Àmọ́ 665 MHz ló kọ síbẹ̀ fún ìyára RAM, 1600 sì ni wọ́n kọ sára 8GB tí mo rà. Ṣé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni?

Ẹnjiníà Kàdúná:
Rárá. Ìdajì ni CPU-Z ń kọ; ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, bí 1333 ni. Ẹ wo ara 4GB àtijọ́ yẹn, 1333 lẹ máa bá níbẹ̀. Èyí tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn ń bá rìn. CorelDRAW yín ò ní mọ̀ ọ́n.