Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Duterte fi ya àwọn ará Fílípínì sí méjì?

Àbẹ̀kẹ́_Nọ́ọ̀sì:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Manchester, àwọn ará Fílípínì sì pọ̀ lára àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí èmi pẹ̀lú obìnrin méjì kan nínú wọn ti jọ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Abiyamọ ni àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ ìyá wọn nílé sì ni wọ́n fi àwọn ọmọ sí. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, páálí ńlá kan sì wà ní igun pálọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní balikbayan. Bí owó oṣù bá ti wọlé, wọn a ju ọṣẹ sí i, wọn a ju kọfí àti ẹran inú agolo sí i, wọn a sì fi bàtà ọmọ há àárín wọn. Ìyá àgbà ti fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ẹsẹ̀ ọmọ ká lórí bébà, ó ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, òun ni wọ́n sì ń mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fi mọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu. Bí páálí bá kún, wọn a fi téèpù wé e yípo, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n mú Rodrigo Duterte, Ààrẹ wọn tẹ́lẹ̀, ní pápákọ̀ òfurufú Manila bó ṣe ń ti Hong Kong bọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ICC ní ìlú Hague. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi sunkún títí a fi ṣíwọ́ iṣẹ́ láàárọ̀. Èkejì ní òun ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ náà tipẹ́. Láti ìgbà náà, wọn kì í bá ara wọn jẹun mọ́, páálí kan ṣoṣo sì ti di méjì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Báwo ni obìnrin tó ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ tọ́jú aláìsàn ṣe lè máa sunkún nítorí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ikú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kàn? Ọ̀rẹ́ mi ni, n kò fẹ́ dá a lẹ́jọ́ láìmọ ìdí ọ̀rọ̀.

Bàbá_Táyé:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ òru. Mo kàwé ní ìpínlẹ̀ Cavite, lẹ́bàá Manila, láti ọdún 2014 sí 2019, nítorí náà ojú mi ló ṣe díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kí Duterte tó dé, oògùn olóró shabu, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní mkpuru mmiri, ti wọ àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù bí omi ṣe ń wọ iyanrìn. Ẹ wá ro ti ìyá tó wà ní Dubai tàbí ní Manchester, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń dá rìn ti ilé ìwé bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí baba ọmọ náà sì jẹ́ òṣìṣẹ́ orí ọkọ̀ òkun. Ọkùnrin kan tó ti ṣe olórí ìlú Davao fún ohun tó lé ní 20 ọdún wá dìde, ó ní bí òun ṣe fọ Davao mọ́ ni òun yóò fọ gbogbo orílẹ̀-èdè náà mọ́. Ó lé ní mílíọ̀nù 16 ènìyàn tó dìbò fún un ní ọdún 2016, àwọn tó wà lókè òkun kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Ìbẹ̀rù nítorí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ibi ìdìbò.

Ohun tí wọ́n rí gbà ni Tokhang, ìyẹn ogun tí Duterte ní kí ọlọ́pàá gbé ti oògùn olóró. Inú èdè Bisaya ni wọ́n ti yọ orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, kí ó bẹ onílé pé kó jáwọ́. Àwọn aláṣẹ àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní barangay, ló ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fura sí sílẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì ti wọ ìwé náà kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọ́n bá pa á, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọlọ́pàá máa ń sọ: nanlaban, ìyẹn ni pé ó bá wọn jà. Ọlọ́pàá fúnra wọn gbà pé ó lé ní 6,000 ènìyàn tí àwọn pa. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní iye náà lè tó 30,000. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ní ìlú Caloocan lẹ́bàá Manila, wọ́n pa Kian delos Santos, ọmọ ọdún 17. Wọ́n ní ó yìnbọn sí àwọn, ṣùgbọ́n kámẹ́rà àdúgbò fi hàn pé ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Ọlọ́pàá mẹ́ta ni kóòtù rán lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí ikú rẹ̀ ní ọdún 2018.

Ọmọkùnrin kan kú bẹ́ẹ̀ ní òpópónà kejì sí ibi tí mo háyà. Mo lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n ti to àga oníke síta, ìyá àgbà nìkan ló jókòó ti pósí, nítorí Saudi ni ìyá ọmọ wà, ọ̀gá rẹ̀ kò sì tíì gbà kó wálé. Òròmọdìẹ kan ń ṣá ìrẹsì jẹ lórí gíláàsì pósí náà. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹni tí wọ́n bá pa ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kí òròmọdìẹ náà lè máa ṣá ẹ̀rí ọkàn apànìyàn. Mo rántí àwọn àgbà wa tó ń fi ọ̀bẹ sí òkú lọ́wọ́. Ìyá àgbà náà kò dárúkọ ẹnì kankan fún mi; ohun tó bi mí ni pé ṣé mo ti jẹun.

Amòfin_Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ojú abẹ níkòó. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹni tó ń sunkún náà ní ohun tó rí. Orílẹ̀-èdè wọn ti kúrò nínú ICC láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2019, àmọ́ ilé ẹjọ́ náà ní ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ṣì wà ní ìkáwọ́ òun. Léraléra ni Ààrẹ Ferdinand Marcos kékeré sọ pé ìjọba òun kò ní ran ilé ẹjọ́ náà lọ́wọ́. Kí ló wá yí i padà? Ní ọdún 2022, òun àti Sara, ọmọ Duterte, jọ díje, wọ́n sì jọ wọlé gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ àti igbákejì. Ìjà dé láàárín wọn, ilé aṣòfin kékeré fẹ̀sùn kan Sara ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2025 láti yọ ọ́ nípò, kò sì pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fi mú baba rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Keje, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní ọ̀nà tí wọ́n gbà fẹ̀sùn kan Sara ta ko ìwé òfin. Ẹni tó bá fẹ́ràn Duterte yóò sọ pé ìjà agbo ilé méjì ni wọ́n gbé aṣọ òfin wọ̀. Àwọn ará Davao tilẹ̀ tún dìbò yàn án ní olórí ìlú ní oṣù Karùn-ún, nígbà tó wà ní àtìmọ́lé ní Hague.

Ìwé òfin wọn ti ọdún 1987 lòdì sí kí oyè ìṣèlú máa jẹ́ ogún ìdílé, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin láti túmọ̀ rẹ̀. Ó lé ní 35 ọdún tí wọn kò fi ṣe òfin náà fún gbogbo oyè, nítorí ọmọ àwọn ìdílé wọ̀nyí ló kún ilé aṣòfin. Síbẹ̀, pé ọ̀tá ló fa ènìyàn dé kóòtù kò ní kó má rojọ́ ohun tó ṣe.

Olùkọ́_Ṣàgámù:

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba omi, torí ó kan àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2025, Marcos dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó ní kí ojú ti àwọn tó ń jẹ owó iṣẹ́ ìdènà omíyalé. Nígbà tí wọ́n ka ìwé, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù 545 pẹ́sò ni wọ́n bá láàárín ọdún mẹ́ta, agbaṣẹ́ṣe 15 péré ló sì gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ààrẹ lọ wo ògiri odò kan ní Baliuag, ní ìpínlẹ̀ Bulacan, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ti parí. Kò bá ògiri kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí òfin ológun tí baba Ààrẹ yìí kéde ní ọdún 1972, àwọn ènìyàn kún pápá Luneta àti òpópónà EDSA ní Manila láti fẹ̀hónú hàn lórí owó náà. Àwọn tó wà lókè òkun fi ohun tó lé ní bílíọ̀nù 34 dọ́là ránṣẹ́ sílé ní ọdún 2024. Símẹ́ńtì tí ìyá àgbà fi gbé ilẹ̀ ilé sókè nítorí omi, owó wọn ló rà á, owó orí sì wà lórí símẹ́ńtì náà. Èyí dùn mí gan-an. Àǹtí, ẹ bi ọ̀rẹ́ yín nípa omi.

Àbẹ̀kẹ́_Nọ́ọ̀sì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo bi èyí tó sunkún lánàá, nígbà tí a jọ ń mu tíì. Ó ní Hagonoy, ní Bulacan, ni ilé ìyá òun wà. Bí òkun bá ti kún, omi a gba ìsàlẹ̀ ilé, bàtà rọ́bà sì ni ọmọ òun ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé, bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Shabu ló bà á jẹ́. Ó máa ń já owó tí òun bá fi ránṣẹ́ gbà mọ́ ìyá wọn lọ́wọ́, ó sì ti nà án rí. Nígbà tí Tokhang bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó lọ fi ara rẹ̀ hàn ní barangay, ó jáwọ́, ó sì wà láàyè títí dòní. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èmi rí àbúrò mi gbà padà." Mo bi í bóyá ó ti sọ èyí fún ẹnì kejì rí. Ó ní kò bi òun.

Ará Caloocan ni ẹnì kejì. Fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń wà lẹ́yìn fóònù rẹ̀, nínú ike tó fi bò ó, n kò sì bi òun náà rí nínú gbogbo ọdún mẹ́fà yìí. A jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.