Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí àwọn ọmọ wa tí òtútù Lọ́ńdọ̀nù ń mú lọ́kàn

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa nọ́ọ̀sì ní Ṣàgámù la fẹ́ gbìmọ̀ràn nítorí àwọn òbí tọ́mọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lóṣù Dìsẹ́ńbà, oòrùn ti ń wọ̀ níbẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọ á máa sùn ṣáá, nǹkan dídùn nìkan ni á máa wù ú jẹ, kò ní fẹ́ rí èèyàn. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Àìrí ìmọ́lẹ̀ tó ló ń da ara rú.

Iná mànàmáná kan wà tí wọ́n ń tàn síwájú ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó lè rí ìmọ́lẹ̀ tó; agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan níwájú rẹ̀, kó má jìnnà ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ, fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú láàárọ̀ kùtù, kó má tẹjú mọ́ ọn. Bó bá tàn án lálẹ́, oorun á dá lójú rẹ̀. Ẹni tó lárùn ojú, tàbí tí inú rẹ̀ ti máa ń dùn kọjá ààlà rí, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí.

Ìpè orí fóònù ló ṣòro jù. Nínú fídíò WhatsApp, kọ́tìnì á wà ní pípadé lọ́sàn-án gangan, ọmọ á sì ní, "Kò sí nǹkan kan, Mà." Ìbéèrè wo ni ìyá lè bi í tí kò fi ní bo ọ̀rọ̀ mọ́ra?