Ṣé tẹlifíṣọ̀n lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà lóòótọ́? Ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ kí ọmọ wo ètò ìwé kíkà lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí fún yín? Àwọn ìbejì mi ti fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Táíwò á ka A dé Z bí ẹni ń kọrin, kò ní fo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ "bàtà" síwájú rẹ̀, ńṣe ló máa ń wo ojú mi. Kẹ́hìndé kì í dá sí orin yẹn rárá, síbẹ̀ òun ló ń ka orúkọ ara páálí fún mi. Ètò kan náà làwọn méjèèjì jọ ń wò.

Tíṣà Àgbà:
Orúkọ lẹ́tà ni Táíwò mọ̀, kò tíì mọ ìró rẹ̀. Ẹ má bi í pé lẹ́tà wo nìyí. Ẹ bi í pé kí ni lẹ́tà yìí ń wí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọ kíláàsì mi tí wọ́n á kọ orin náà láìkọsẹ̀, tí "b" àti "a" kò sì tíì pàdé lẹ́nu wọn.

Akéwì Ojúde:
Ètò òyìnbó lọmọ ń wò, ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ kọ síwájú rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Mo ti kọ ti òyìnbó náà wò. Ojú mi náà ló wò.

Màmá Ọ̀ṣọ́:
Ẹ wá The Electric Company lórí YouTube. Ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ṣe ètò ọmọdé Sesame Street náà ló ṣe é, fún àwọn ọmọ tó ti wọ ilé ìwé ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà ń fún ní wàhálà. Apá kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù: òjìji ojú ẹni méjì máa ń kọjú síra. Ẹnì kan á pe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́tà á sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kejì á pe ìyókù. Lẹ́yìn náà wọ́n á jọ pè é pọ̀. Èmi àti ọmọbìnrin mi bá sọ ọ́ di eré tiwa. Màá ní "b", òun á ní "à", a ó jọ ní "bà". Nínú mọ́tò, ní balùwẹ̀, níbi gbogbo. Nígbà tó yá, òun ló ń wá mi kiri pé kí n gbé ojú wá. Eré yẹn ló là á lójú sí ìwé.

Dúró Ná:
Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ nìyẹn. Kí ló kan tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀?

Màmá Ọ̀ṣọ́:
Níbo lèmi ì bá ti rí eré náà? Èmi kì í ṣe tíṣà.

Tíṣà Àgbà:
Èmi tí mo jẹ́ tíṣà gan-an, irú rẹ̀ ò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo ń wò ó lọ́wọ́ báyìí.

Ọmọ Ìwádìí:
Ẹ̀gbọ́n Dúró Ná, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nígbà tí Sesame Street bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìkànnì VHF ló gbé e ní àwọn ìlú kan, àwòrán ibẹ̀ sì mọ́ dáadáa. (VHF àti UHF, oríṣi ìgbì méjì tí wọ́n fi ń gbé àwòrán wá sórí tẹlifíṣọ̀n ni.) Ní àwọn ìlú mìíràn, UHF ló gbé e. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà kì í mú UHF dáadáa, òmíràn kò tilẹ̀ lè mú un rárá. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Melissa Kearney àti Phillip Levine, fi ìlú wé ìlú, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn ọmọ tó wà níbi tí ètò náà ti ń wọlé dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn kíláàsì tó yẹ ọjọ́ orí wọn bíi ti àwọn yòókù.

Dúró Ná:
Kí ọmọ má rẹ̀yìn ní kíláàsì yàtọ̀ sí kó mọ̀wé kà.

Ọmọ Ìwádìí:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun kan tún wà tó máa dùn mọ́ yín nínú. Àwọn tó kọ́kọ́ yẹ ètò náà wò ní 1970 rí i pé ọmọ tó bá wò ó jù ló ń mọ lẹ́tà àti nọ́ńbà jù. Thomas Cook àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò ní 1975. Wọ́n ní àwọn kan ti ń lọ láti ilé dé ilé gba àwọn òbí níyànjú kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wò ó. Níbi tí kò ti sí ìyànjú yẹn, èrè tí ọmọ rí jẹ kéré sí i.

Dúró Ná:
Ehn-ehn! Ènìyàn ló ń kọ́ ọmọ.

Abiyamọ Kan:
Ènìyàn wo, sà? Èmi nìkan ni mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Bí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n fún wọn, kí n lè fọṣọ kí n sì ráyè mí ni. Gbogbo ìgbà lẹ ń sọ pé kí òbí jókòó tì wọ́n. Ta ni yóò wá bá mi fọṣọ?

Màmá Ọ̀ṣọ́:
Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá.

Dúró Ná:
Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí.

Bàbá Wúrà:
Abiyamọ Kan, ẹ fọṣọ yín. Apá kan náà ni kí ẹ máa tún fi hàn wọ́n, ẹ má wá tuntun lójoojúmọ́. Nígbà tí Blue's Clues, ètò ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1996, apá kan ni wọ́n ń fi hàn fún ọjọ́ márùn-ún léraléra. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ làwọn ọmọ túbọ̀ ń dá a lóhùn. Láti ìdí ọṣẹ, ẹ lè pariwo bi wọ́n pé, "Kí ló kọ síbẹ̀?" Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ ti kọ́ wọn nìyẹn.

Abiyamọ Kan:
Ẹ ṣeun, sà. Ìyẹn mo lè ṣe. Èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, ṣé kí òun náà máa wò?

Ọmọ Ìwádìí:
Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, mà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í rí ẹ̀kọ́ kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tó bó ṣe ń rí i kọ́ lẹ́nu ènìyàn. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní kí ẹni tí kò tíì pé oṣù méjìdínlógún má wo nǹkan kan, àfi bó bá ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn.

Akéwì Ojúde:
Ẹ padà sí Yorùbá o. Ọmọ mi rí "gbogbo", ó pe "g", ó pe "b". Ètò òyìnbó wo ló fẹ́ kọ́ ọ ní "gb"?

Tíṣà Àgbà:
Fi bírò yí "gb" ká níbikíbi tó o bá ti rí i nínú ìwé rẹ̀. Ojú rẹ̀ á mọ̀ pé ọ̀kan ni.

Ọmọ Onílé Ìwé:
Èmi ò rántí ètò kankan tó kọ́ mi ní lẹ́tà. Reading Rainbow ni mo rántí, LeVar Burton ló ń ṣe é, láti 1983 títí di 2006. Á ṣí ìwé kan, wọ́n á kà á, á mú wa lọ síbi tí ìwé náà ń sọ. Lópin, àwọn ọmọ bíi tiwa á wá sọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn. Mo máa ń dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n lọ wá ìwé. Ìyá Ìbejì, ẹ fi í han Kẹ́hìndé.

Bàbá Wúrà:
Ohun tó ṣiṣẹ́ nílé wa kì í ṣe ètò ọmọdé. Bàbá mi ò gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà ọ̀rọ̀ máa ń hàn nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n wa tọ̀sán-tòru. Àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wọn. Brij Kothari, ọ̀mọ̀wé kan ní Íńdíà, ti ro irú rẹ̀ fún ìwé kíkà láti 1996: wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ orin sísàlẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa yí padà bí olórin ti ń pè é.

Dúró Ná:
Ọmọ ọdún márùn-ún ò lè bá ọ̀rọ̀ yẹn sáré.

Bàbá Wúrà:
Ti orin ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Ó mọ orin náà sórí tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á máa bá a lọ.

Ìyá Ìbejì:
Táíwò á fẹ́ràn ìyẹn! Níbo ni mo ti máa tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn?

Bàbá Wúrà:
Ẹ wo rìmóòtù, ibi tí wọ́n kọ CC sí. Lórí YouTube náà, CC ni, nísàlẹ̀ fídíò tàbí lókè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti rí i.