"Ẹ̀n" tiwa, "yet" tiwọn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Òṣogbo ni mo wà báyìí, mo gba ìsinmi wálé. Lánàá mo sin ìyá mi lọ Ọjà Ọba, oníṣu kan pè wọ́n: "Màmá, ẹ ò tíì ra iṣu ni?" Ìyá mi ní, "Ẹ̀n, mi ò tíì rà." Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Irú "ẹ̀n" yẹn gan-an ló kó bá mi nílùú ọba lọ́dún tí mo débẹ̀.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì bi mí nípa bàbá kan: "Hasn't he had his tea yet?" Mo ní "Yes", torí lójú tèmi, òótọ́ ló sọ, bàbá ò tíì mu tíì. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn.) Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá ti mu ún. Ìgbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí lu tábìlì la tó mọ̀ pé a ò gbọ́ra wa yé.

Àwa máa ń fi "ẹ̀n" gbe ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè lẹ́sẹ̀. Òyìnbó ò ro tìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wò. Tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, "no" ni. Ẹ kúkú má dá "yes" tàbí "no" sọ. Ẹ ní "No, not yet" tàbí "Yes, he's had it", kò sẹ́ni tó máa ṣì yín gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ ó máa gbọ́ "Did you eat yet?" dáadáa. Lọ́dọ̀ yín nílùú ọba, "Have you eaten yet?" ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan náà ni.

Ọmọ Òkè Baálẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, "síbẹ̀" ni tíṣà wa pe "yet" o.

Tíṣà yín ò purọ́. Tó bá so gbólóhùn méjì pọ̀, "síbẹ̀" ni: "He is old, yet he works." Èyí tí mò ń wí, tó dúró fún "tíì" tiwa, ìdí gbólóhùn ló sábà máa ń jókòó sí. Ti inú lẹ́tà ló wá burú: "I have yet to receive my payslip." Kò sí "not" níbẹ̀, àmọ́ "mi ò tíì rí i gbà" ló ń wí. Ẹ má fi "not" kún un o.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ tún kìlọ̀ "already" fún wọn. Ọ̀gá mi ní "Finished already?" Mo rò pé ó ń yìn mí ni, mo dúpẹ́. Àfi bó ṣe fi ìka nu férémù fèrèsé, tó ń wá eruku.

Háà! Ó yà á lẹ́nu pé ẹ tètè ṣe tán ni. Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀. Màmá ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé ṣé mi ò tíì bẹ iṣu yẹn ni. Ẹ̀n, mi ò tíì bẹ ẹ́.