Ìmọ̀ràn lórí ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin onímọ̀ ìṣègùn, mo kí yín o. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí àbúrò mi obìnrin bímọ ní Iléṣà. Ọmọ náà ti yàgbẹ́ sínú omi ilé ọmọ kí wọ́n tó bí i, ó sì fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ṣàlàyé pé ó yẹ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ṣí ní kété tí ọmọ bá mí èémí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ṣì fún pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba ọ̀nà tó ń gbà nígbà tó wà nínú oyún, tí ọ́síjìn kò sì kárí ara rẹ̀. Ìwọ̀n ọ́síjìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti ọwọ́ ọ̀tún. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà lára ọmọ kan ṣoṣo.

Wọ́n ń fún un ní ọ́síjìn àti oògùn sildenafil tó ń mú kí iṣan náà ṣí, nítorí kò sí nitric oxide níbẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irú àìsàn yìí ní 1999. Oògùn náà lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara lọ sílẹ̀, nítorí náà wọ́n ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Àwọn ẹbí kan ní kí á gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀rù ń bà mí, torí òtútù àti gbígbọ̀n ọkọ̀ lè mú kí iṣan náà tún fún sí i. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti la èyí kọjá, kí ni ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbé e kúrò? Ìgbà wo ni ẹ sì ṣe àyẹ̀wò etí rẹ̀, torí àìsàn yìí lè ṣàkóbá fún ìgbọ́ràn ọmọ?