"Owó-orí ilẹ̀" kò tó: iye wo là ń gba owó lé lórí?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí àbá yín pé ká máa pe owó-orí tí Henry George, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, gbè lẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1879 ("land value tax" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "owó-orí ilẹ̀". Ti "orí" kò dùn mí. A ti ń san owó-orí lórí ọjà tí kò ní orí, ó ti mọ́ wa lẹ́nu. "Ilẹ̀" ni wàhálà rẹ̀. Bí a bá gba iye kan náà lórí ééka kọ̀ọ̀kan, owó-orí ilẹ̀ náà ni, síbẹ̀ òun kọ́ ni George ń wí. Tirẹ̀ ni pé ká wo ibi tí ilẹ̀ wà, ká má sì ka ilé orí rẹ̀ mọ́ ọn. (Ìdí nìyẹn tí Land Use Charge ti Èkó kì í fi í ṣe òun: ó ń ka ilẹ̀, ó ń ka ilé.)

"Owó-orí iye ilẹ̀" sàn díẹ̀. Àmọ́ iye wo? Iye tí a ó tà á ni, àbí èyí tó ń mú wọlé lọ́dún? Ká ní pulọ́ọ̀tì kan ń mú ₦500,000 wọlé lọ́dún, tí èlé owó sì jẹ́ 10%: ₦5,000,000 ni yóò tà. Bí ìjọba bá ní ká máa san 10% iye títà lọ́dọọdún, ẹlòmíràn á ní gbogbo ₦500,000 ti lọ nìyẹn. Rárá o. Ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé owó-orí ń bọ̀, kò ní san ju ₦2,500,000 lọ, kí ₦250,000 lè kù fún un lọ́dún, èlé 10% lórí owó rẹ̀. Owó-orí á wá di ₦250,000, ìdajì péré. Bí a bá sì gba gbogbo èrè ọdún náà, iye títà á di òfo. Kí la ó wá ṣírò owó-orí lé?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì la nílò. Kí "iye ilẹ̀" dúró fún iye títà. Ẹ ní ká lo "ìṣákọ́lẹ̀" fún ti ọdọọdún. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n iṣu tàbí kòkó tí àlejò fi ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní ẹni tó ni ín ni ìṣákọ́lẹ̀, kì í lọ sókè torí pé títì gba ibẹ̀ kọjá. Onílẹ̀ ló sì ń gbà á, ohun tí George ń bá jà gan-an. "Èrè ilẹ̀" ni mo fara mọ́. Irè oko ni ti ẹni tó gbin nǹkan. Èrè ilẹ̀ ni ti ẹni tó kàn jókòó tì í.

Ìdíyelé ni àwọn alátakò owó-orí yìí ti ń rí i mú. Láàárín ìlú, ilẹ̀ òfìfo kì í sábà tà, nítorí náà adíyelé á mú iye ilé àtilẹ̀ pọ̀, á yọ owó ìkọ́lé kúrò, lẹ́yìn tó bá ti dín in kù nítorí pé ilé ti gbó. Bó bá ṣi iye ilé ṣírò, orí ilẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe náà já lé. Ní 1913 ni òfin jáde pé kí Pittsburgh, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, máa gba owó-orí tó wúwo lórí ilẹ̀ ju ti ilé lọ. Ní 2001, lẹ́yìn tí wọ́n tún ilẹ̀ díyelé, tí ariwo sì sọ, wọ́n pa á tì. Fún iṣẹ́ títún ilẹ̀ díyelé yẹn mo dábàá "àtúndíyelé". Ẹ bá mi pè é wò, bóyá ẹnu gbà á.