RN ti wà lọ́wọ́, "ìrírí ọdún méjì" ni wọ́n ń béèrè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Nọ́ọ̀sì Tuntun, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì. Mo ti yege ìdánwò Council, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì, mo ti di RN (nọ́ọ̀sì tó ti forúkọ sílẹ̀), láísẹ́ǹsì mi sì ti jáde. Iléewòsàn 14 ni mo fi CV ránṣẹ́ sí lórí íméèlì, méjì péré ló dáhùn. Ọ̀kan ní àwọn ò gba ẹni tí kò ní ìrírí ọdún 2. Èkejì fẹ́ gbà mí, àmọ́ wọ́n ní kí n buwọ́ lùwé pé mi ò ní lọ fún ọdún 2, kí n sì fi ojúlówó sáfíkéètì RN mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀, àbí kí n dúró de iṣẹ́ ìjọba? Níbo lẹni tí ò tíì ṣiṣẹ́ rí ti ń rí ìrírí ọ̀hún ná?

Ìyá Wọ́ọ̀dù
Àbúrò, má fi sáfíkéètì rẹ sílẹ̀ o. Kí wọ́n wo ojúlówó, kí wọ́n fi wé fọ́tòkọ́pì, kí wọ́n dá a padà fún ọ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ìjọba bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ojúlówó ni wọ́n máa ní kó o mú wá. Ọjọ́ náà gan-an lẹni tó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù máa rìnrìn àjò.

Ní ti bọ́ǹdì, ìwé àdéhùn ọdún 2 yẹn, wá ibi tí wọ́n kọ iye tí wàá san sí bó o bá lọ kó tó pé. Bí wọn ò bá kọ iye kankan, má buwọ́ lù ú, torí ọjọ́ tó o bá ń lọ ni wọ́n máa tó ṣírò rẹ̀.

Ìrírí tí wọ́n ń béèrè yẹn, o ní díẹ̀ níbẹ̀. O ò kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á ni. "Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, mo fẹ́ràn aláìsàn" ló kún inú CV àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mátírọ́nì ò sì rí nǹkan kan dì mú nínú ẹ̀. Kọ ọ́ báyìí:

"Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àwọn ọkùnrin, ọ̀sẹ̀ 8, bẹ́ẹ̀dì 24. Fífọ egbò, fífi kátítà (rọ́bà ìtọ̀) sí, mímúra aláìsàn sílẹ̀ fún tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ), ṣíṣọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ."

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọ́ọ̀dù ọmọdé, fún ìgbẹ̀bí, fún pàjáwìrì. Èyí tí olùkọ́ buwọ́ lù nínú logbook rẹ, ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ní wọ́ọ̀dù sílẹ̀, nìkan ni kó o kọ, torí wọ́n lè ní kó o ṣe é lójú àwọn. Lábẹ́ orúkọ rẹ lókè pátápátá, kọ nọ́ńbà RN rẹ àti ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì máa tán. Ojú ewé 2 ti tó.

Àlàbí Tíátà
14 lórí íméèlì kọ́ ni wíwá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ iléewòsàn aládàáni, ẹni tó ń gba káàdì ló ń ṣí íméèlì yẹn, bó bá tiẹ̀ ń ṣí i. Tẹ̀ ẹ́ jáde, gbé e lọ fún olórí àwọn nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Aago 8 àárọ̀ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká. Ẹni tó bá dé nígbà yẹn, ìyọlẹ́nu ló wá ṣe. Lọ láàárín aago 11 sí 1, má sì lọ lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn iléewòsàn ìjọ ni kó o kọ́kọ́ rìn dé: irú Olúyọ̀ró níbẹ̀ yẹn, Sacred Heart ní Lántòrò l'Abẹ́òkúta, Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́ọ̀dù wọn pọ̀, àgbà tó máa wò ọ́ lọ́wọ́ sì wà níbẹ̀.

Ibi kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì 6, bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì mélòó ló ń wà lórí ṣíífù alẹ́?" Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan pẹ̀lú auxiliary méjì, olùrànlọ́wọ́ tí kò ní láísẹ́ǹsì, ní oṣù kìíní rẹ, wá ibòmíì. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, láísẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn tí Council lè gbà.

Agbẹ̀bí Ọ̀ṣun
Ẹ ò tíì sọ ti ìdánwò ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń já wọn jù. Ìṣirò dírípù kì í wọ́n níbẹ̀. Líta 1 láàárín wákàtí 8, ṣẹ́ẹ̀tì (rọ́bà tí dírípù ń gbà wọlé) tó ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà 1: 1000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000, wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480, pín in, 41.7, ìyẹn ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ka 10 tàbí 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15. Ohun tó ń da ọmọ rú ni pé ṣẹ́ẹ̀tì ò dọ́gba: 20 wà, 15 wà, ti ọmọdé jẹ́ 60. Ara páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí wọn ò bá sọ ọ́ nínú ìbéèrè, bi wọ́n. Máàkì wà nínú bíbéèrè yẹn.

Ti ọmọdé náà: ọmọ kílò 12, paracetamol mílígíráàmù 15 fún kílò kan, jẹ́ 180. Ìgò olómi tó ní 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 ni wàá fún un.

Wọ́n tún fẹ́ràn èyí: aláìsàn ń gba ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ máa ní "màá pe dókítà". Rárá o. Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn pa ná. Fi ṣẹ́ẹ̀tì tuntun àti normal saline (omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fà sára) dì í mú kí ojú iṣan má dí, wo BP, ìgbóná ara àti ìmí, kó o wá pe dókítà. Má ju àpò ẹ̀jẹ̀ náà nù, láàbù ló ń padà lọ.

Kọ́lé BNSc
Èmi ò rò pé ó yẹ kó gba iṣẹ́ aládàáni rárá. Kó dúró de UCH, iléewòsàn ìjọba àpapọ̀ n'Íbàdàn, tàbí ìjọba ìpínlẹ̀, kó má bàa fara ṣòfò.

Ìyá Wọ́ọ̀dù
Kọ́lé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba yunifásítì ní internship (iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn yunifásítì) ọdún kan àti NYSC níwájú, ẹni tó gba RN níléèwé nọ́ọ̀sì ò ní ìyẹn. Kó máa kọ fọ́ọ̀mù ìjọba lọ, ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà, ẹni tó bá ní kó mú owó wá kó tó ríṣẹ́, olè ni. Àmọ́ kó máa ṣiṣẹ́ níbì kan. Àṣẹ Council tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024 ní kéèyàn ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn láísẹ́ǹsì kí wọ́n tó ṣe verification, ìwé tó ń jẹ́rìí sí láísẹ́ǹsì rẹ̀, fún un lọ sókè òkun. Bí kò bá tiẹ̀ fẹ́ lọ, ìwé tó máa fi hàn náà ni: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó ní déètì, àti sálárì tó ń gba báǹkì wọlé. Èyí tí wọ́n ń kó sínú àpòòwé ò ní ẹlẹ́rìí.

Ní ti iye, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti di 70,000 náírà láti 2024, ṣùgbọ́n òfin yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò tó 25 sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ iléewòsàn kékeré ń sá sí.

Nọ́ọ̀sì Tuntun, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mi ò ní fi sáfíkéètì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ logbook ló kù: iléèwé gba tiwa lẹ́yìn ìdánwò, wọn ò dá a padà.

Agbẹ̀bí Ọ̀ṣun
Má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a padà, wọn ò ní gbà. Tọ olùkọ́ tó ń ṣètò ìpínlọ sí wọ́ọ̀dù lọ, ní o fẹ́ fọ́tòkọ́pì ojú ewé tí wọ́n buwọ́ lù, pẹ̀lú sítáǹpù iléèwé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ lẹ́tà ojú ewé kan tó dárúkọ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan àti iye ọ̀sẹ̀ tó o lò níbẹ̀. Gba ẹ̀dà mẹ́ta.